Bí a ṣe ń dán transísítọ̀ wò, tí a sì ń fi tan LED

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni transísítọ̀ ní: emitter, base àti collector. Iná díẹ̀ tó bá gba base wọlé ló ń pàṣẹ fún iná púpọ̀ tó ń ti collector lọ sí emitter. Ohun tí John Bardeen àti Walter Brattain rí nìyẹn ní Bell Labs, ilé ìwádìí AT&T tó wà ní Murray Hill, New Jersey, lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1947. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni AT&T, ó sì ń wá ohun tó máa rọ́pò àwọn gílóòbù vacuum tube inú ẹ̀rọ, tó ń gbóná, tó sì ń tètè jó. Wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo etí ike kan, wọ́n fi abẹ là á sí méjì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ germanium, èròjà kan tó ń gbé iná díẹ̀ kọjá. Irú èyí tí William Shockley gbé kalẹ̀ lẹ́yìn wọn ló sún mọ́ èyí tí à ń lò báyìí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956.

Ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Kọ ojú pẹlẹbẹ transísítọ̀ 2N3904 sí ara rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀: láti òsì, emitter, base, collector. Ti BC547 yàtọ̀: collector, base, emitter. Ara wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láì yí i padà. Kò ní kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n LED á máa tàn báìbàì, wàá sì máa di ẹ̀bi náà ru bátìrì.

Yí mítà tí a fi ń wọn iná (multimeter) sí ibi àmì dáíódù, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Fi wáyà pupa kan base, kí o fi dúdú kan ẹsẹ̀ méjì yòókù níkọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó ka 0.6 sí 0.7 fólítì, èyí tó fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ ni emitter. Pààrọ̀ wáyà méjèèjì, OL ló yẹ kó hàn, ìyẹn ni pé iná kò kọjá. Láàárín collector àti emitter, OL ni lọ́nà méjèèjì. Bí odo bá hàn, ó ti jó nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé dúdú lórí base ló ń ka 0.6, PNP ni, irú transísítọ̀ tí iná inú rẹ̀ ń lọ lódìkejì. Kò bá iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí mu. Má dán an wò nígbà tó ṣì wà lára bọ́ọ̀dù, nítorí àwọn nǹkan tó yí i ká á ba ìwọ̀n náà jẹ́.

Wá bátìrì fólítì 9, LED pupa, rẹ̀sísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 470 ohm àti 10,000 ohm. Láti orí + bátìrì, so 470 mọ́ ẹsẹ̀ gígùn LED. Ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀ lọ sí collector. So emitter mọ́ orí −. So 10,000 mọ́ base. Bí o bá fi etí rẹ̀ kejì kan orí +, LED á tàn. Nǹkan bí 0.8 mA (mA kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ampere) ló wọ base, nǹkan bí 14 mA ló gba inú LED kọjá. Má ṣe so base tààrà mọ́ orí + láé: kò sí ohun tó dá iná dúró níbẹ̀, base á jó.

Yọ 10,000 náà kúrò, kí o fi ìka kan wáyà orí +, kí òmíràn kan base. LED á tàn díẹ̀, pàápàá bí omi bá wà lọ́wọ́ rẹ. Iná tó gba awọ ara rẹ kọjá kò tó nǹkan, transísítọ̀ ló sọ ọ́ di púpọ̀. Bátìrì nìkan ni kí o fi ṣe èyí, kì í ṣe iná ilé.

Bó bá jẹ́ mọ́tò kékeré (ẹ̀rọ tó ń yí) tàbí rílée (súìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa) ni o fẹ́ tàn, wo iye iná tó ń fà: 2N3904 kò gbọ́dọ̀ ju 200 mA lọ, BC547 kò gbọ́dọ̀ ju 100. Lójijì tí iná bá dúró, wáyà kíká inú wọn á ta fólítì gíga padà, ìyẹn ló sì ń pa transísítọ̀. Fi dáíódù 1N4007 gba ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ìlà funfun rẹ̀ kọjú sí orí +.