Lẹ́tà tí wọ́n dì mú lórí omi kànga wa

Owó àyẹ̀wò omi kò dùn mí. Ohun tó ń bí mi nínú títí di òní ni lẹ́tà ìdáhùn tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan dì mú, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń fi omi tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù se oúnjẹ ọmọ ní Bàrígà.

Ẹ da omi náà sínú abọ́ funfun, ẹ gbé e sóòrùn, ẹ ó rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú rẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ní benzene, kẹ́míkà inú epo tó ń fa jẹjẹrẹ, wà níbẹ̀, ó sì ju mílígíráàmù 0.01 nínú lítà kan tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ṣe òdiwọ̀n lọ. Ilé epo kan ni gbogbo àdúgbò ń nàka sí. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí, ẹni tó bá sì ba olówó lórúkọ jẹ́ á kó sí kọ́ọ̀tù. Mo kọ̀wé pé kí ìjọba fún mi ní àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò táńkì ilé epo náà.

Òfin FOI ti 2011, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ní ọjọ́ 7 ni kí wọ́n fi dáhùn, ẹni tó béèrè kò sì ní láti sọ ìdí. Akọ̀wé tó gba lẹ́tà wo ojú mi: "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ìwé yẹn ṣe?" Mo ṣí òfin náà fún un. Ó ní ti Àbújá nìyẹn, kò kan Èkó. Mo padà lọ, ọ̀gá kò sí nílé. Mo tún lọ, fáìlì ti gòkè. Irọ́ ni pé kò kan Èkó! Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ ìdájọ́ yẹn sórí ìwé tí mo gbé e síwájú wọn ni wọ́n tó fèsì: kò sí àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò táńkì kankan. Mo ń fi ìwé yẹn yangàn.

Ohun tí mo gbé síta kò ju èsì omi, ọjọ́ tí a bù ú, àti èsì ìjọba lọ. N kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn. Ìyá onílé kan ti bẹ̀ mí pé, "Ọmọ mi, tí o bá kọ nọ́ńbà ilé mi, ta ni á tún gba yàrá lọ́wọ́ mi?" Mo yọ nọ́ńbà àti orúkọ gbogbo onílé kúrò, òfin ààbò dátà ti 2023 náà kò fi eré ṣe é. Àmọ́ mo kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé, mo sọ fún wọn kí wọ́n má mu omi náà.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà lẹ́tà yín lójú yín. Ọjọ́ 30 ni òfin fún yín láti gba kọ́ọ̀tù lọ, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí àkókò ìdáhùn bá kọjá ló sì ti ń ka.