Irun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Iṣẹ́ irun dídì ni mo ń ṣe ní Ìgbọ̀nà níbí, l'Óṣogbo. Nítorí náà, ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fíìmù ẹlẹ́rù kan máa gba oorun lójú yín, irun òkú inú rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù ẹlẹ́rù ti Jàpáànù kí ẹ tó wo èyí tí Hollywood tún ṣe. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn. The Ring ti 2002, tí Naomi Watts kópa nínú rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ wò, ó sì bà mí lẹ́rù, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí mo wá rí Ringu, ti Jàpáànù gan-an tí Hideo Nakata darí ní 1998, mo ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ: ẹni bá wo fídíò kan, fóònù á dún, ọjọ́ méje ló kù fún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi da omi sọ́bẹ̀ mi.

Síbẹ̀, Ringu ló lé mi dé orí ibùsùn. Ẹ wo irun Sadako, òkú inú rẹ̀, dáadáa. Ó tutù, ó wúwo, ó bo ojú pátápátá, kò sẹ́ni tó là á sí méjì. Ẹyinjú kan ṣoṣo ni wọ́n fi hàn wá. Ti Amẹ́ríkà la irun, wọ́n sì fi ojú jíjẹrà han gbogbo ayé. Ojú tí mo bá ti rí, mo lè gbàgbé ẹ̀. Èyí tí mi ò rí, èmi fúnra mi ni mo ń yà á lọ́kàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìrìn Sadako náà kì í ṣe ti ènìyàn: ẹ̀yìn ni obìnrin tó ṣe é ń rìn sí, wọ́n wá yí fíìmù náà padà kó lè dà bíi pé iwájú ló ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ irun yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Láyé àtijọ́, obìnrin wọn ń di irun ni, òkú ni wọ́n ń tú u sílẹ̀ fún. Lọ́dọ̀ tiwa, opó ló ń tú irun nígbà ọ̀fọ̀. Eré ìtàgé Jàpáànù kan wà tí wọ́n ṣe ní 1825, obìnrin kan tí wọ́n fún ní májèlé jókòó, ó ń ya irun, irun ń tú dà sílẹ̀ ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Mo ń sọ èyí fún oníbàárà kan lọ́jọ́ kan tí ìyàrí wà lọ́wọ́ mi, ló bá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ dúró de iná. Nínú Ju-on ti Jàpáànù, ti 2002, ohùn ọ̀fun Kayako, òkú inú rẹ̀, ló ń pa ènìyàn lára, Takashi Shimizu tó darí fíìmù náà gan-an ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ohùn yẹn. Tí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, kí lẹ fẹ́ gbọ́? Shimizu yìí kan náà ló tún un ṣe fún Hollywood ní 2004, tí wọ́n pè é ní The Grudge, Tokyo náà ni, obìnrin kan náà ló ṣe Kayako. Mo rò pé ọbẹ̀ kan náà la máa jẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn ni wọ́n fi pín Ju-on, ẹ ò mọ ẹni tó kàn. Ti Amẹ́ríkà so ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́ Sarah Michelle Gellar, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ máa tẹ̀ lé.

Dark Water, ẹ tọ́jú ẹ̀ de ìgbà òjò, pàápàá tí táǹkì omi bá wà lórí ilé yín. Ti 2002 ni mo ń sọ, Nakata náà ló ṣe é. Ti 2005 tí Jennifer Connelly ṣe kò burú, àmọ́ wọ́n gbé báàgì Hello Kitty, ológbò inú àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, fún ọmọ inú rẹ̀. Báàgì ọmọdé pupa ni ti Jàpáànù. Irú báàgì pupa bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ti ọmọ ẹnikẹ́ni, ó lè jẹ́ ti ọmọ mi.

Pulse ti 2006 àti One Missed Call ti 2008, tí Hollywood tún ṣe, ẹ má fi dátà yín ṣòfò. Kairo, ti Jàpáànù ní 2001, ni kí ẹ wá dípò Pulse.

Èdè Jàpáànù ni kí ẹ gbọ́, kí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Ìyá mi kì í kà á, èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn. Bí a ṣe ń wo Ringu, wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé wọn ò ṣe ètùtù fún ọmọ yìí ni?" Nígbà tí wọ́n wá rí egungun Sadako nínú kànga, Màámi mí kanlẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ó parí nìyẹn. Wọ́n á ti rí i sin."

Mi ò fèsì. Mo kàn fa àga mi sún mọ́ wọn.