Bí ẹ ṣe lè ṣe ètò àtúnṣe gbogbo ilé ìwé ní middle school ìjọba l'Amẹ́ríkà, kó má kàn jẹ́ ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí district

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà wọ inú kọmítì tó máa kọ ètò àtúnṣe ọdún yìí fún middle school yín, ìyẹn ilé ìwé kíláàsì kẹfà dé ìkẹjọ. Mo ti jókòó sínú irú kọmítì yìí gẹ́gẹ́ bí òbí, mo sì tún ti jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, ohun tí mo sì rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé wọ́n á ṣí ìwé ọdún tó kọjá, wọ́n á yí ọdún tó wà lókè ẹ̀ padà, wọ́n á fi gbólóhùn méjì mẹ́ta kún un, ó parí. Tẹ́ ẹ bá wá dá tíṣà kan dúró ní kọ́rídọ̀ pé kí ló wà nínú ètò ilé ìwé yín, kò ní mọ nǹkan kan níbẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi tíṣà yẹn rárá. Ètò tí mo fẹ́ ká jọ ṣe ni èyí tí tíṣà á fi mọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ohun tóun máa ṣe tó yàtọ̀ sí tàná.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti òfin kó kúrò nílẹ̀. Owó Title I, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ran àwọn ilé ìwé tí ọmọ tálákà pọ̀ sí lọ́wọ́, ti wà láti 1965, ayé ààrẹ Lyndon Johnson, òfin tó ń darí ẹ̀ báyìí ni ESSA (Every Student Succeeds Act) tí Obama fọwọ́ sí ní December 2015. Ilé ìwé tí ó kéré tán 40% nínú àwọn ọmọ ẹ̀ bá wá láti ilé tí owó ò ti pọ̀ lè lo owó yẹn fún gbogbo ilé ìwé, dípò kí wọ́n máa ṣa àwọn ọmọ kan sọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ sì lè yọ̀ǹda fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ tó lè lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wo ilé ìwé yín látòkèdélẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí ohun tẹ́ ẹ rí, kẹ́ ẹ sì máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin fún yín ní ọdún kan láti fi múra ẹ̀, àyàfi tí district, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ìjọba ní àdúgbò yín, bá bá yín sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sì jọ gbà pé kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo àkókò yẹn, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é á kàn tún ìwé ẹ̀ṣín kọ ni.

Ta ló yẹ kó jókòó? Òfin ti dárúkọ òbí, tíṣà, prínsípà, àwọn tó ń ran tíṣà lọ́wọ́ ní kíláàsì. Ó dáa. Àmọ́ ẹ tún fi ẹni tó ń jókòó sí front office kún un, torí òun ló ń gba fóònù tí òbí bá pè láàárọ̀ pé ọmọ òun ò ní wá, òun ló sì mọ ìdí. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ pe ẹni tó ń tún ilé ìwé ṣe, ó mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sá pa mọ́ sí àti àkókò tí wọ́n ń sá síbẹ̀. Ẹ pe ọmọ ilé ìwé méjì tàbí mẹ́ta náà, kì í ṣe àwọn olóyè nìkan o, ẹ wá ọmọ kan tí ilé ìwé ò tíì tù lára. Tó bá sì jẹ́ agogo méjì ọ̀sán lẹ fi ìpàdé sí, òbí tó ń ṣiṣẹ́ ò ní wá, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ wá sọ pé àwọn òbí ò bìkítà. District tó bá ń gba ju $500,000 Title I lọ gbọ́dọ̀ ya ó kéré tán 1% sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ òbí, 90% nínú èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìwé. Ẹ béèrè owó yẹn, òun lẹ lè fi san owó ògbufọ̀ àti ẹni tó máa bá wọn mójú tó ọmọ kékeré nígbà ìpàdé.

Ó wá kan dátà, ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí dáadáa.

Má bẹ̀rẹ̀ látorí máàkì ìdánwò. Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ọmọ tó bá pa 10% ọjọ́ ilé ìwé jẹ ni wọ́n ń pè ní chronically absent, tí ọdún yín bá sì jẹ́ 180 ọjọ́, ọjọ́ 18 nìyẹn, ìyẹn bí ọjọ́ méjì lóṣù. Ṣé ẹ rí i bó ṣe kéré tó lójú? Ọjọ́ méjì lóṣù, kò sí òbí tó máa rí i bí ìṣòro, ó ṣe tán ọmọ náà ò ṣàìsàn, ó wá lánàá, ó máa wá lọ́la. Ẹ má kàn mú nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ìpínlẹ̀ kọ fún yín, ẹ pín in: kíláàsì kẹfà ńkọ́, kẹjọ ńkọ́, Mọ́ńdè ńkọ́, Fúráìdè ńkọ́, period àkọ́kọ́, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe láàárọ̀, ńkọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n máa pariwo èyí ni pé níbì kan tí mo wà, gbogbo wa ti gbà pé ìṣòro wa ni pé àwọn ọmọ ń pẹ́, a sì ti fẹ́ kọ ọ́ sínú ètò pé a máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé, ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta á jókòó lẹ́yìn ilé ìwé. Mo wá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì front office láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibi tí wọ́n ti ń fún wọn ní páálí tí wọ́n fi ń wọ kíláàsì, mo kàn ń wo ojú wọn. Lójijì ni ilẹ̀kùn ṣí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, báàgì lẹ́yìn, òjò ti pa àwọn mìíràn, gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo bi ọ̀kan pé kí ló dé, ó ní bọ́ọ̀sì ni. Bọ́ọ̀sì kan náà! Wọ́n ti ń bọ́ọ́lẹ̀ lẹ́yìn agogo lójoojúmọ́, ẹni tó ń kọ páálí sì ń kọ “late” síwájú orúkọ ọmọ torí kò síbi tí wọ́n ní kó kọ bọ́ọ̀sì sí. Math ni period àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwa ti fẹ́ fìyà jẹ ọmọ nítorí ọ̀nà tí dírẹ́bà ń gbà, a sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí district bu ọwọ́ lù ú. Inú mi ò dùn títí dòní tí mo bá rántí ẹ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹni méjì nínú kọmítì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọmọ kan láti ìgbà tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí dìgbà tó padà wọ̀ ọ́. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó fi rìn láti kíláàsì sí kíláàsì, iye ìgbà tí àgbàlagbà kan pe orúkọ ẹ̀, bóyá ó jẹun. Ọjọ́ kan péré ni.

Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá ṣí ti ìdánwò. Òfin ní kí wọ́n dán àwọn ọmọ wò nínú ìwé kíkà àti math lọ́dọọdún láti kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, ìyẹn ni pé gbogbo kíláàsì inú middle school ló ń ṣe é, àǹfààní ńlá sì ni, torí ẹ lè tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan náà láti ìkẹfà dé ìkẹjọ. Ẹ má fi kíláàsì kẹfà ọdún yìí wé kẹfà ọdún tó kọjá kẹ́ ẹ wá máa jó, ọmọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, ẹ wo àwọn ọmọ tó ní àìlera lọ́tọ̀, ìpíndọ́gba máa ń bo àwọn ọmọ yìí mọ́lẹ̀.

Àmọ́ máàkì ò lè sọ ìdí fún yín, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ló máa sọ ọ́. Ẹ kó ìwé math àwọn ọmọ bí ogún sórí tábìlì, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti yẹ̀. A rí ìbéèrè kan tó ní “how many more”, ó ń bi wọ́n pé mélòó ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ, ọmọ yìí rí “more”, ó ṣe àròpọ̀, ìṣirò rẹ̀ péye, ìdáhùn ò péye. Nígbà tí tíṣà ka ìbéèrè náà sí i létí pẹ̀lú ohùn, tó bá a sọ ọ́ bí ìtàn, kíá ló yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ṣé ìṣòro math nìyẹn? Ìwé kíkà ni! Tẹ́ ẹ bá lọ ra software math fún ọmọ yẹn, ẹ fi ètè sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá.

Ti ìjà àti ìwà náà, bákan náà. Ẹ wo ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ àti agogo tó ń ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo orúkọ ọmọ. Tó bá jẹ́ pé kọ́rídọ̀ kan ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a jẹ́ pé ètò àkókò yín ló ń kó ọmọ tó pọ̀ jù síbì kan náà. Ẹ tún wo tíṣà tó ń lé ọmọ jáde jù, kì í ṣe láti dójú tì í o, ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló ń bá kíláàsì tó le jù jà láìsí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ máa béèrè pé kí ló fà á, tí wọ́n bá dáhùn, ẹ tún béèrè pé kí ló fa ìyẹn, títí ẹ fi máa kan ohun tí ọwọ́ ilé ìwé lè tó. Ìdáhùn bíi “àwọn ọmọ ìsìnyí ò fẹ́ kàwé” tàbí “ilé wọn ò dáa” ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i ní Mọ́ńdè.

Àfojúsùn, méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ti sáyẹ́ǹsì ńkọ́, ti eré ìdárayá ńkọ́, ẹ fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ká ní ọmọ 600 lẹ ní, tí 150 nínú wọn ń pa 10% ọjọ́ jẹ, ẹ kọ ọ́ báyìí pé kí wọ́n má ju 110 lọ nígbà tó bá fi máa di ìparí May, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tí àgbàlagbà máa ṣe sábẹ́ ẹ̀: ta ló máa pe òbí lọ́jọ́ kejì tí ọmọ ò wá, ìgbà wo, kí ló máa sọ, ibo ló máa kọ ọ́ sí. Ìlà tí kò bá ní orúkọ iṣẹ́ ẹnì kan níwájú ẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Ẹ sì máa wọn nǹkan méjì, àwa ṣe ohun tá a ní a máa ṣe àbí a ò ṣe é, àwọn ọmọ yí padà àbí wọn ò yí padà. Tẹ́ ẹ bá wọn ti ọmọ nìkan ẹ ò ní mọ̀ bóyá ètò ló burú ni tàbí ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Tó bá kan yíyan ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, àwọn tó ń ta ọjà máa wá, gbogbo wọn á ní tàwọn ní ẹ̀rí. ESSA pín ẹ̀rí sí ipele mẹ́rin, ẹ bi wọ́n pé èwo ni tiyín, ṣé ọmọ middle school ni wọ́n fi dán an wò àbí ọmọ kékeré. Ẹ lè lọ wo What Works Clearinghouse, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀rí irú ọjà àti ètò bẹ́ẹ̀ wò, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2002, ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí la máa yọ kúrò kí èyí tó wọlé? Tí kò bá sí ohun tí wọ́n máa yọ, tíṣà ló máa fi alẹ́ ẹ̀ san án.

Lójú tèmi, àtúnṣe middle school wà nínú tábìlì àkókò ju inú software lọ. Ọmọ tó ń bọ̀ wá sí kíláàsì kẹfà ti ọ̀dọ̀ tíṣà kan tó mọ ìyá ẹ̀ wá, ó bá ara ẹ̀ níwájú tíṣà mẹ́fà méje, pẹ̀lú lọ́kà tí kò mọ̀ ọ́n ṣí. Tẹ́ ẹ bá ṣètò ẹ̀ kí àwọn tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kan náà ní wákàtí kan náà tí wọn ò ní kíláàsì, wọ́n á jókòó, ọ̀kan á ní “ẹ̀yin náà rí i pé ọmọ yìí ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?” Kò sí ọjà tẹ́ ẹ lè rà tó máa ṣe ìyẹn fún yín.

Owó: kí gbogbo náírà, ẹ má bínú, gbogbo dọ́là so mọ́ ìdí kan tẹ́ ẹ ti kọ sókè, kẹ́ ẹ sì rántí pé àfikún ni owó Title I, district ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ dín owó ìpínlẹ̀ àti ti ìlú tó yẹ yín kù.

Kẹ́ ẹ tó jáde nínú ìpàdé tó kẹ́yìn, ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà jókòó sínú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, ìṣẹ́jú 45 péré. Ẹ gbé nọ́ńbà wá, ẹ má gbé àlàyé wá. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ ní January, ẹ yí i padà ní January, òfin gan-an ló ní kẹ́ ẹ máa tún un ṣe. Kẹ́ ẹ wá fa gbogbo ètò náà sí ojú ìwé kan ṣoṣo, ní èdè tí àwọn òbí yín ń sọ, òbí àti aráàlú ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri front office níbi tí wọ́n ti ń kọ páálí fún àwọn tó pẹ́, kẹ́ ẹ sì fi àyè kékeré kan sórí páálí yẹn tí wọ́n lè kọ “bọ́ọ̀sì” sí.