Ẹ Sọ Hilux Yẹn Kalẹ̀ Kí Ẹ Tó Wọ̀n Ọ́n

Hilux tí ẹgbẹ́ wa fi ń kó ẹ̀gẹ́ ló fa ìwé yìí o. Ojú ọ̀nà oko ti di kòtò, wọ́n wá fi búlọ́ọ̀kù onírin ínṣì 2 gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè. Kò burú, ó ga, ẹnu gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, dẹ́rẹ́bà ní táyà ni, wọ́n lọ ṣe bálánsì táyà, wọ́n náwó, ó ṣì ń gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kírọ́ọ̀sì ẹ̀yìn (oríkèé tó wà nídìí pùròpélà) já nínú igbó, tí pùròpélà, irin gígùn tó ń gbé agbára gíábọ́ọ̀sì lọ sẹ́yìn, sì ń fọwọ́ gbálẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fà lọ́jọ́ Mọ́ńdè wà lórí ẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀. Oníbàárà wa gé ọ̀kan sí méjì, ó rí ìlà dúdú nínú ẹ̀, ó gbé àdá ẹ̀ ó lọ.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tú yúbọ́ọ̀tì tó di sípíríǹgì mọ́ axle, ẹ mọ̀ ọ́n, mẹkáníìkì yín náà mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo ń bá kiri: wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á rọ̀ dirodiro, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti wọn gbogbo nǹkan, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti táìtì gbogbo nọ́ọ̀tì pa. Télọ̀ wo ló ń wọn ṣòkòtò fún ẹni tó lóṣòó? Tí axle, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì, bá ti rọ̀, sípíríǹgì ti yí ipò padà, imú axle (ibi tí pùròpélà ti wọ inú ẹ̀) ti kọjú síbòmíì, nọ́ńbà tí ẹ kà níbẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ tó ń rìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa gan-an nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù pẹrẹsẹ kì í yí imú axle padà, ó kàn ń gbé ọkọ̀ ga ni (ṣákùlù gígùn, ìyẹn irin tó so ìdí sípíríǹgì mọ́ ṣásíì, àti ewé sípíríǹgì tí wọ́n fi kún un ló máa ń yí i). Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é wọ̀n ọ́n lórí jáàkì, ó ní imú axle ti doríkodò, ló bá ki irin olórí-tínrín dígírì 4 sábẹ́ sípíríǹgì. Nígbà tí mo wọ́ wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú fóònù, táyà wà nílẹ̀, mo bá dígírì 6 ní kírọ́ọ̀sì àárín, dígírì 2 péré ní imú axle, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ yọ 2 kúrò nínú 6. Ìdáhùn ẹ̀ ni irin tó kì síbẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ wá ilẹ̀ símẹ́ǹtì tó tẹ́jú, pèpéle tí ẹ ń sá kòkó sí dáa. Kí atẹ́gùn táyà méjèèjì dọ́gba. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni, ẹ di símẹ́ǹtì àpò 8 sí i, kílò 400 nìyẹn, ẹ má wọ̀n ọ́n lófìfo kí ẹ wá fi kó ẹrù lọ́jọ́ kejì. Ẹ wà á síwájú sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ bàtà 10, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà márùn-ún kó lè jókòó síbi tó fẹ́ jókòó sí. Ẹ fi òkúta dá táyà iwájú dúró, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi sápò yín, ẹ wá wọ abẹ́ ẹ̀.

Fóònù tó ń ka dígírì ti tó. Pùròpélà Hilux tó bá jẹ́ onírin méjì, ẹ gbé fóònù lé irin iwájú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lé irin ẹ̀yìn, ẹ kọ ọ́, lẹ́yìn náà ojú pẹrẹsẹ tó wà ní imú axle. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin irin iwájú àti irin ẹ̀yìn, àti ìyàtọ̀ tó wà láàrin irin ẹ̀yìn àti imú axle, méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí wọ́n má fi ju dígírì 1 jura lọ. Irin iwájú àti imú axle á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí irin réluwé méjì. Ẹ fi imú axle sílẹ̀ ní dígírì 1 sísàlẹ̀ díẹ̀, torí tí ẹ bá fún un níná láti gun òkè, ó máa gbórí.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí imú axle kọjú sí gíábọ́ọ̀sì tààrà. Ẹ má dá wọn lóhùn. Pùròpélà tó ní kírọ́ọ̀sì méjì pọ̀ lójú kan nídìí gíábọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kì í ṣe irú tiyín.

Tí ìyàtọ̀ tí ẹ kà yẹn bá ju dígírì 5 lọ, ẹ fi wọ́ọ̀ṣà tó nípọn tó mílímítà 10 sọ bẹ́ríìnì tó gbé àárín pùròpélà dúró kalẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ irin olórí-tínrín lẹ nílò lóòótọ́, apá tó nípọn á kọjú sẹ́yìn tí ẹ bá fẹ́ kí imú gbérí, irin ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo alumíníọ̀mù, ó máa ń fọ́, igi ńkọ́, mo ti bá igi ìrókò lábẹ́ Hilux kan rí, mi ò fẹ́ sọ nǹkan tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má sì to búlọ́ọ̀kù méjì léra.

Nọ́ọ̀tì ojú sípíríǹgì àti ti ṣákùlù, ẹ fi ọwọ́ dè é lórí jáàkì, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá táìtì ẹ̀ pátápátá. Rọ́bà búṣìn inú ojú sípíríǹgì tí ẹ bá táìtì nígbà tí axle rọ̀, ọrùn ẹ̀ ti lọ́ kí ọkọ̀ tó rìn rárá, láàrin oṣù díẹ̀ á ya.

Ẹ̀yin tó ní Prado tàbí Patrol àtijọ́, ẹ̀yìn tiyín ní irin gígùn kan tó dábùú láti ṣásíì lọ sí axle. Tí ọkọ̀ bá ga sókè, irin yẹn á fa axle sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ so okùn tó ní ìwọ̀n nídìí mọ́ etí fẹ́ńdà, ẹ wọn àlàfo sí táyà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìdajì ìyàtọ̀ wọn lẹ máa fi sún axle padà pẹ̀lú irin tó ṣeé fà gùn. Táyà nílẹ̀ náà ni o.

Nǹkan méjì péré ni jáàkì wúlò fún níbí: rọ́bà bíréèkì àti ṣọ́kù. Ẹ jẹ́ kí axle rọ̀ délẹ̀ pátá, tí rọ́bà bíréèkì bá na gan-an, kò gùn tó, tó bá jẹ́ ṣọ́kù ló ń dá axle dúró, ó ti kúrú.

Àti fáàfù bíréèkì tó ní ọ̀pá tó so mọ́ axle, àwọn Hilux kan ní i. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ ga ní ínṣì 2 tí ẹ ò gbé ibi tí wọ́n so ọ̀pá yẹn mọ́ lára axle sókè ní ínṣì 2, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo, ẹrù ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn, bíréèkì ẹ̀yìn ò ní ṣiṣẹ́ tó. Wọn ò ṣe ti ẹgbẹ́ wa náà, ìgbà tí a tú u la tó rí i.

Yúbọ́ọ̀tì tuntun ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti àná, ẹ tún táìtì ẹ̀ ní kìlómítà 100 àti kìlómítà 500, kí ẹrù wà lórí ẹ̀, kí táyà wà nílẹ̀.