Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Já Ọwọ́ Mi Gbà

Aṣọ ìgbéyàwó ni mo ń rán lọ́jọ́ náà tí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó, n'Ikorodu. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lẹ́nu àdúgbò wa, iná kò sí, òjò sì ti rọ̀. Ọkùnrin kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nawọ́, ó gbá mi mú ní ọrùn ọwọ́. Kò sọ̀rọ̀. Mo fà, ó fà. Bí mo ṣe ń fà tó, bẹ́ẹ̀ ló ń le mọ́ mi lára. Ọpẹ́lọpẹ́ ọlọ́kadà kan tó tan iná sí wa lójú tó sì tẹ fèrè léraléra, òun ló jẹ́ kí ọkùnrin náà jù mí sílẹ̀ tó sì sá wọ òkùnkùn.

Ọrùn ọwọ́ mi wú, ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Télọ̀ ni mí, ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni pé gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún mi ni mo fi fa ọwọ́ mi, kò sì mì ín.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló mọ ọkùnrin kan tó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní jùdó, irú ìjàkadì kan tó wá láti Japan, lápá Agric ní àárọ̀ Sátidé. A lọ bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà láti kọ́ àwa obìnrin márùn-ún fún oṣù méjì. Kí a tó fọwọ́ kan ara wa rárá, ó ní kí a gé èékánná, kí a bọ́ òrùka àti yẹtí. Ó tún ní bí nǹkan bá ti ń dun ẹnikẹ́ni, kó fi ọwọ́ lu ara ẹni tó dì í mú lẹ́ẹ̀mejì, kí onítọ̀hún sì tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó sọ fún wa pé Jigoro Kano, ará Japan tó dá ilé ẹ̀kọ́ jùdó sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, kò lára rárá, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé. Mo rántí bàbá mi. Ó máa ń sọ nípa gídígbò tí wọ́n ń jà nígbà èwe rẹ̀, pé ẹni tó bá mọ ibi tí ẹsẹ̀ ẹnìkejì ti fúyẹ́ ló ń dá a.

Kóòṣì ní kí n di ọrùn ọwọ́ òun mú, kí n sì wo ọwọ́ ara mi. Mo wò ó. Ìka mẹ́rin ló wà lápá kan, àtàǹpàkò nìkan ló wà lápá kejì, ibi tí orí wọn ti pàdé sì ni àlàfo wà. “Ìka mẹ́rin lè jù yín lọ, ìyá mi,” ó ní, “ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kan ṣoṣo kò jù yín lọ.”

Ohun kejì tó fi hàn mí ni pé ọrùn ọwọ́ ènìyàn kò rí roboto. Ó fẹ̀ lójú, ó tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi rúlà. Ibi tí ó yé mi nìyẹn, torí pé iṣẹ́ mi ni. Bọ́tìnnì kì í gba ojú ihò kọjá ní pẹlẹbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ tì wọlé. Ọwọ́ náà ni kí n yí padà títí ẹ̀gbẹ́ tó tín-ín-rín yóò fi kọjú sí àlàfo ibi àtàǹpàkò, kó gba ibẹ̀ jáde.

Ó yé mi o, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é. Sátidé méjì gbáko, bí wọ́n bá ti dì mí mú báyìí, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ara ti mọ̀ ọ́n lára. Kóòṣì ní, “Ẹ má fà á mọ́. Ẹ gbé ìgúnpá yín lọ bá a.” Kí n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí n sún mọ́ ẹni tí mò ń sá fún, kí n ká apá mi bí ẹni fẹ́ gbé fóònù sétí. Sísún mọ́ ọn yẹn le fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní Sátidé kẹta, mo tẹ̀ síwájú, mo ká apá, ọwọ́ mi yọ bọ́rọ́. Mo pariwo. Mo ní kó tún dì mí mú, mo tún yọ. Ó tó ìgbà ogún kí n tó jẹ́ kó sinmi.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ méjì ni wọ́n fi di apá kan mú, ẹ di ìkúùkù, ẹ na ọwọ́ kejì gba àárín apá rẹ̀ méjèèjì, ẹ fi gbá ìkúùkù náà mú, kí ẹ sì fi gbogbo ara gbé e sókè síbi èjìká. Èyí kò pẹ́ mi.

Gbígbámọ́ra láti ẹ̀yìn ló gba àkókò. Kí ẹni náà tó gbé yín kúrò nílẹ̀ ni kí ẹ ti wúwo mọ́ ọn lọ́wọ́: ẹ la ẹsẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà, gìgísẹ̀ ni kí ẹ fi ha ojúgun rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ fi tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá wà níta, ìka ọmọdinrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ ká a sẹ́yìn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbá mi mú, àánú mi sì ń ṣe é. Kóòṣì bá a wí: “Bí ẹ bá dì í mú bí ọmọ tuntun, ẹ̀ ń tàn án jẹ ni.” Láti ọjọ́ náà ló ti ń dì mí mú tí èémí mi ń há.

Bí wọ́n bá fi apá yí ọrùn yín ká láti ẹ̀yìn, ẹ má dúró rò ó. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì. Bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n pa, ènìyàn lè dákú láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ẹ yí àgbọ̀n yín sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ̀, kí ọ̀fun rí àyè, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì fa apá náà wálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dán èyí wò nílé láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lọ́dọ̀ yín.

Kóòṣì kò fi àṣírí kan pa mọ́ fún wa: ọ̀bẹ tàbí ìbọn bá wà níbẹ̀, ẹ fún un ní báàgì, ẹ fún un ní fóònù. Bí ẹ bá sì ti já gbà, ẹ má dúró bá a jà, síbi tí iná àti èrò wà ni kí ẹ sá sí. Ẹ kígbe “Ẹ gbà mí o!” Ó ní kí a má kígbe “Olè!”, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí pé èrò kì í béèrè kí wọ́n tó lu ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rí. 767 àti 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó, ọ̀fẹ́ ni, mo ti fi wọ́n sí fóònù mi.

Oṣù méjì náà ti pé, ṣùgbọ́n a kò dáwọ́ dúró. Alaalẹ́ ni mò ń yọ ọwọ́ mi lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí òun náà sì ń yọ tirẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ti ọrùn ṣì ń dà mí láàmú, mo máa ń gbàgbé láti yí àgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà láti wá di wá mú ní Sátidé tó ń bọ̀, lójú kóòṣì. Kò tíì kọ́ jùdó rí, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi ju ti ẹnikẹ́ni tó ti dì mí mú láti ọjọ́ yìí wá.