Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ṣírò ERA Bob Gibson ti ọdún 1968

Owó tí mo san kò kéré. Mo ní kí bọ̀ọ̀bọ́ kan tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun bá mi to iṣẹ́ tí Bob Gibson, ajùbọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù, ṣe fún ẹgbẹ́ St. Louis Cardinals lọ́dún 1968 sínú tábìlì kan, torí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní béèsìbọ́ọ̀lù níbí ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà, níbi tí Cardinals wà, ò gbà pé ẹnìkan lè jù ú tó bẹ́ẹ̀. Tábìlì dé, aláràbarà. Mo wo ibi ERA, ìyẹn iye run (àmì ayò) tí ajùbọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ jẹ̀bi rẹ̀ fún inning mẹ́sàn-án, tí í ṣe odindi ìdíje kan; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Mo bá 1.45. Ṣé ẹni tó ń gbé Missouri ni kò ní mọ̀ pé 1.12 ni? Mo pè é. “Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà kì í purọ́ o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n tún un wò, ẹ máa fi nǹkan kún un.” Kí n fi kí ni kún kí ni? Mo jókòó tì í fúnra mi.

Kíkọ nọ́ńbà sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́: ìdíje 34 ló bẹ̀rẹ̀, ó parí 28 fúnra rẹ̀, ó jáwé olúborí nínú 22, ó pàdánù 9, strikeout 268, ìyẹn àwọn alùbọ́ọ̀lù tó fi bọ́ọ̀lù rẹ̀ lé jáde fúnra rẹ̀.

1.45 yìí ló gbà mí lóorun. Inning rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí 304.2 ni wọ́n ń kọ ọ́. Nínú inning kan, ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ń lé jáde; .2 yẹn ni pé ó ti lé méjì nínú mẹ́ta, kì í ṣe ìdá méjì nínú mẹ́wàá. Mo sọ ọ́ di 304.667, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. 1.45. Mo tún un tẹ̀. 1.45 náà ni! Orí mi gbóná, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́ lóòótọ́.

Àfìgbà tí mo wo ìlà R (gbogbo run tó wọlé) àti ìlà ER (èyí tí ajùbọ́ọ̀lù jẹ̀bi rẹ̀ nìkan), tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ bí ìbejì. 49 wà lábẹ́ R, 38 wà lábẹ́ ER. 49 ni ọ̀gbẹ́ni fi ṣírò! Run 11 tó lé, àṣìṣe inú pápá ló fà á, wọn kì í kà á sí ajùbọ́ọ̀lù lọ́rùn. Mo fi 9 sọ 38 di púpọ̀, 342. Mo fi 304.667 pín in: 1.12. Èmi tí ìṣirò ń lé kiri ní sẹ́kọ́ńdìrì!

Bí mo bá tún máa ṣe é, màá fi ìlà R pamọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. N kò sì ní fọwọ́ kan inning. Iye ènìyàn tó lé jáde ni màá kà, 914, kò sí àmì kankan tó máa da ojú rú níbẹ̀.

Àwọn ọmọ náà gba 1.12 gbọ́, wọ́n wá ní báwo ló ṣe pàdánù 9. Ìbéèrè gidi. Ní September 17, run kan péré ló fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n Gaylord Perry, ajùbọ́ọ̀lù San Francisco Giants, ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú Cardinals rí hit kankan (kí wọ́n lu bọ́ọ̀lù kí wọ́n sì fi dé ibùdó), Giants sì borí 1-0. Mo ti fi ìlà kan kún tábìlì náà báyìí: iye run tí Cardinals fúnra wọn rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí Gibson bá jù bọ́ọ̀lù.