Kí ẹ tó sanwó skútà oníná àlòkù
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á nìkan ra skútà oníná. Kìlómítà 30 lórí ṣáájì kan ni wọ́n ní Xiaomi M365, skútà oníná kan tí à ń dúró gùn, ń rìn nígbà tó jáde ní 2016. Bátìrì tó ti gbó kò lè dé bẹ̀. Ẹ fẹ́ táyà rẹ̀ kó le, ẹ ṣáájì rẹ̀ kún, kí ẹ wá gùn ún gun òkè. Bí iná kékeré mẹ́rin ojú rẹ̀, tó ń fi bí bátìrì ṣe kún tó hàn, bá já sí méjì, tó tún padà sókè ní kété tí ẹ dúró, bátìrì ti rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mi ọrùn skútà náà, níbi tó ti ń ká, dáadáa. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ má gùn ún rárá o: ní 2019, nítorí skúrù ibẹ̀ ni Xiaomi fúnra rẹ̀ ṣe ní kí wọ́n dá àwọn M365 kan padà.